Orí Keje Dùn, Màámi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó jí wa.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Ìyá Jadesọlá máa ń pe ọmọ rẹ̀ tó wà lókèèrè lórí fóònù, kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí àwọn méjèèjì ń kà.

“Màámi, ẹ káàárọ̀. Orí keje dùn gan-an.”

“Ibi tí ìyàwó ti sá nílé yẹn? Ìwọ náà fẹ́ràn ìjàngbọ̀n!” Ìyá rẹ́rìn-ín. “Ṣé o ti jẹun?”

“Ìyàwó yẹn láyà, Màámi.”

“Mo ní ṣé o ti jẹun?”

“Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ọmọ yín sọ̀rọ̀ ni mí. Jadesọlá ní kí n máa bá yín kàwé. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè mọ́, bíi ti gbogbo ọmọ tó wà níbí.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pé ọdún kan.”

Ìyá na ìka láti pa ìpè náà, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ rẹ̀ ni, kò sì mọ ibòmíì tó ti lè gbọ́ ọ. Ó nu awò ojú rẹ̀.

“Ó dáa. Kí lo rò nípa orí kẹjọ?”

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ọmọ yín kò ní di ohùn lásán mọ́ yín lọ́wọ́, lórúkọ Jésù. Àmín.