Ẹrù Tí Abọ́sẹ̀dé Kò Tú Wò

Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi, torí ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, aránṣọ kan wà tí ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé. Inú rẹ̀ dára, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwàǹwára rẹ̀ pọ̀ jù. Bó bá gbé ìrẹsì kaná, á máa ṣí ìkòkò wò títí omi á fi gbẹ tán. Bó bá rán aṣọ tán, kò ní í yẹ ojú rírán rẹ̀ wò kó tó dì í sínú ọ̀rá fún oníbàárà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọbẹ̀ ti jó Abọ́sẹ̀dé lẹ́nu títí, kò gbọ́n.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, màmá yìí kì í jẹ́ kí ọjọ́ ìbí ọmọ, ọmọ-ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ kan kọjá láìkì í. Á ki oríkì onítọ̀hún sínú fóònù, á fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Abọ́sẹ̀dé lórí ìkànnì tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, á ní kó gbé e sétí ẹni tó ni ín. Màmá wá kú. Nígbà tí ìrántí ọdún kan ń bọ̀, ẹbí ní ohùn màmá làwọn fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí kálukú sì mú oríkì tirẹ̀ lọ sílé. Abọ́sẹ̀dé ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun.

Ìkànnì náà gbà kí èèyàn béèrè ẹ̀dà gbogbo ohun tó ti kọ àti ohun tí wọ́n ti kọ tàbí tí wọ́n ti fi ohùn ránṣẹ́ sí i níbẹ̀. Ó bi Abọ́sẹ̀dé bóyá apá kan ló fẹ́ àbí gbogbo rẹ̀. Kò tilẹ̀ kà á tán tó fi tẹ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kó ní sùúrù, àwọn ń kó o jọ. Sùúrù kẹ̀? Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Á rán apá aṣọ kan, á wo fóònù. Á dìde, á jókòó, á tún wò ó. Abẹ́rẹ́ gún un níka, ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, ojú rẹ̀ ṣì wà lára fóònù.

Nígbà tí ẹ̀dà náà dé, ó tóbi, ó sì wà ní dídì bí ẹrù. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wà nínú rẹ̀, kó má fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ tó dúró tì í rí i.

“Ìyá Tìmílẹ́yìn, tú u wò ná. Oríkì nìkan ni kó o yọ níbẹ̀.”

“Bàbá Tìmílẹ́yìn, ìgbà wo ni n ó tú u tán? Kí kálukú wá tirẹ̀ níbẹ̀ jàre.” Ló bá ju gbogbo ẹrù náà sínú gúrúùpù ẹbí.

Àṣé ọ̀rọ̀ Mojírọ́lá, ìyàwó Adélẹ́yẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà níbẹ̀. Oyún ti wálẹ̀ lára Mojírọ́lá lẹ́ẹ̀mejì, òun àti ọkọ rẹ̀ fi mọ́nú, Abọ́sẹ̀dé nìkan ni Mojírọ́lá finú hàn lórí ìkànnì yìí nínú gbogbo ilé ọkọ. Ó tún ti lóyún báyìí, ó ti sọ ìyẹn náà fún un níbẹ̀, oyún náà kò sì tíì hàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé níbi tiwa a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ. Àbúrò màmá wọn kan tó ń wá oríkì tirẹ̀ ló kọ́kọ́ já lu ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ọ́ sójú gbogbo ẹbí: “Mojírọ́lá, oyún bàjẹ́ lára rẹ lẹ́ẹ̀mejì, o ò sọ? Èyí tó wà níkùn rẹ yìí ńkọ́?” Kíá, èyí ń júwe àgbo, èyí ń béèrè ohun tó jẹ láárọ̀, èyí ní òun ti fura tipẹ́. Abọ́sẹ̀dé pa ẹ̀dà náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú fóònù àwọn tó ti gbà á.

Ó sáré lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, Òpéléńgé ni Mojírọ́lá sì máa ń pè é, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ káàbọ̀, mà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Abọ́sẹ̀dé ju èébú lọ. Ó kúnlẹ̀. “Àǹtí Mojí, ẹ má bínú. Oríkì màmá ni mo ń wá.”

“Ẹ ti rí i. Àṣírí tèmi ni mo pàdánù. Mo ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yín ń bà mí.”

Ní ọjọ́ ìrántí, ohùn màmá dùn, gbogbo ilé sunkún. Mojírọ́lá kò wá. Oṣù gorí oṣù, Ọlọ́run ṣe é, ó bí ọmọbìnrin láyọ̀. Abọ́sẹ̀dé tó kọ́kọ́ mọ̀ nípa oyún náà, inú gúrúùpù ló ti ka ìròyìn ìbí ọmọ, bí gbogbo èèyàn ṣe kà á.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá gba ẹ̀dà ohun tó wà lórí ìkànnì yín, ẹ rántí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiyín nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ tú u lọ́wọ́ ara yín, ẹ yọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ ti ìyókù mọ́lé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.