Awakọ̀ Tó Fẹ́ Bó Ọjọ́ Orí Kúrò Lójú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dọ́ Títí. Ó máa ń pa irun rẹ̀ láró, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bi í léèrè ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n àwọn àmì dúdú pẹlẹbẹ ń yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mẹkáníìkì kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn awakọ̀ yòókù: “Bàbá àgbà, ìgbà wo lẹ máa fẹ̀yìn tì?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú.

2. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wo ojú rẹ̀ dáadáa.

“Bàbá mi, ẹ ò rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ ni àwọn àmì yìí pọ̀ sí jù? Oòrùn tó ti ń pa yín látọjọ́ yìí ló fà á, ọjọ́ orí sì dá kún un. Kò léwu. Àmọ́ tí ọ̀kan bá ń tóbi tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ká yáa lọ rí dókítà.”

“Dókítà kẹ̀? Ṣé ara mi ò yá ni?”

“Ẹ ṣáà má fi ìpara kankan bó awọ yín o.”

“Mo ti gbọ́, ìyá mi.”

Irọ́ ni. Ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

3. Ó lọ ra ìpara tó ń bó awọ lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń po tirẹ̀ sínú ike tí kò lórúkọ.

“Díẹ̀díẹ̀ ni o,” obìnrin náà kìlọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀! Ó kùn ún bí ẹni ń kun ògiri. Ìpara náà ń ta á lójú, ó ní iṣẹ́ ló ń ṣe. Awọ bó, ó pọ́n yòò, síbẹ̀ ó tún kùn ún dé abẹ́ ojú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

4. Ọ̀sán ọjọ́ náà gbóná. Òógùn wọ́ ìpara náà sínú ojú rẹ̀.

“Yéè! Ojú mi o!”

Kó tó tẹ bíréèkì, bọ́ọ̀sì ti forí sọ ògiri. Olùkọ́ obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kò dìde mọ́.

5. Ojú awakọ̀ náà kan fọ́ pátápátá. Ní ọsibítù, ọkọ olùkọ́ náà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó kàn wo awọ ojú rẹ̀ tó ti bó, ó sì béèrè pé, “Ọ̀gá, kí lẹ fi kunjú?”

Ọ̀dọ́ Títí yíjú sógiri.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Bí àmì bá yọ sí yín lára, ẹ fi han dókítà. Ẹ dáàbò bo ara yín lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ ò mọ̀ kan ojú yín láé. Àmì ọjọ́ orí kò pa ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ yẹn. Ìtìjú ọjọ́ orí ló pààyàn.