Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ̀mí

Ìgbà kẹta nìyí tí kọ̀ǹpútà náà kọ àpúdéètì. Linux ni ètò tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ láti máa darí rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń bèèrè àtúnṣe tuntun. Láìsí i, iṣẹ́ àṣekágbá tí Rẹ̀mí fẹ́ gbé síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́la kò ní ṣí. Òógùn bo atún-kọ̀ǹpútà-ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ létí títì.

“Mo ti rí i, Mọ́mì,” ló wí fún ìyá Rẹ̀mí tó jókòó tì í. “Déètì inú rẹ̀ ni. Ó rò pé oṣù kẹta èṣí la ṣì wà, kò sì fẹ́ gba ohunkóhun tó dé lẹ́yìn ìgbà náà gbọ́.”

Bó ṣe fẹ́ yí i padà, ìyá náà gbá a lọ́wọ́ mú.

“Èmi ni mo dá a padà síbẹ̀. Bàbá Rẹ̀mí ṣì wà láyé lọ́jọ́ yẹn.”

Kò tètè jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Nígbà tó yá, ó fi í sílẹ̀, ó sì kọjú sí títì.

“Ó yá, tẹ̀ ẹ́.”