Ohùn Inú Ọ̀gánwó

Láràárọ̀ ni Ìbíwùmí, olùṣọ́ igi ọ̀gánwó kan ṣoṣo tó kù nínú igbó, máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀rọ tí ìjọba kàn mọ́ igi náà lára, tó ń sọ èrò inú igi di ọ̀rọ̀, a sì dá a lóhùn pé, "O káre, ọmọ mi." Ta ló máa nàró kí ẹni tó ti lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún láyé?

Lónìí, ọ̀gá rẹ̀, Fádèyí, wá fi ìka kan èèpo igi náà. Ó dún bí agbè òfìfo.

"Màmá, igi yìí ti kú tipẹ́. Olú tó hù sínú rẹ̀, tó ń jẹ ẹ́, ló ń dá yín lóhùn. Ẹ ha á dànù."

Ìbíwùmí mú ọ̀bẹ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. "Tí mo bá ha á, ta ni yóò máa dáhùn? Tí mi ò bá sì ha á, kí ni mò ń ṣọ́?" Olú lásánlàsàn, tó ń hù lára igi ìdáná gbogbo, tí kò tíì pé ọdún méjì láyé! Ṣé òun tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni yóò máa kúnlẹ̀ fún un!

"Ọmọ mi," ohùn náà sọ látinú ẹ̀rọ, "ṣé o ò ní kí mi lónìí ni?"

Kó tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.