Wọ́n Gba Ọṣẹ, Wọ́n Ní Àwọn Máa Wá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìlà méjì kí ẹ wá máa ṣe "àmín" nísàlẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí tán pátápátá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tí gbogbo èèyàn máa ń sọ fún pé, "Ẹ ṣe é dáadáa, mà."

Àǹtí Fèyíkẹ́ ni obìnrin náà ń jẹ́. Ajah ló ń gbé. Nígbà tí Ọdúnjọ ọkọ rẹ̀ kú, ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún un ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ táìlì. Ọ̀gá Ìdírísù ni olùkọ́ ibẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wá ṣe lébìrà ní sáìtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di oníṣẹ́ gidi. Ibẹ̀ ni Àǹtí ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń mu. Tí ibẹ̀ bá bàjẹ́, kò ní ibòmíràn.

Ni èbúté ńlá bá ṣí ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí.

"Táìlì kẹ̀?" Àǹtí ní. "Èbúté layé ń lọ báyìí! Kíláàsì kọ̀ǹpútà ni màá gbé kalẹ̀, wọ́n á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹrù inú kọ̀nténà."

Èrò náà kò burú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Rẹ̀míláyọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣèwádìí. Iṣẹ́ tí Rẹ̀míláyọ̀ ń ṣe nìyẹn: kí iléeṣẹ́ tó gbé ọjà tuntun jáde, òun ló máa ń lọ wádìí ohun táwọn oníbàárà fẹ́.

"Ta ló sọ pé mi ò ní wádìí?" Àǹtí dáhùn. "Èmi fúnra mi ni màá lọ."

Ẹ wá gbọ́ ìwádìí! Ó ra ọṣẹ, ó ra táwẹ́ẹ̀lì, ó tẹ àwòrán ara rẹ̀ sí i. Ó wọ léèsì, ó wọ ọjà Ajah, ó ń pín in kiri.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, tí mo bá gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ èbúté kalẹ̀, ṣé ẹ máa wá?"

"A máa wá o, mà! Ẹ kú ọpọlọ! Ẹ̀mí yín á gùn!"

Ọlákẹ́mi tó ń ta ẹja tútù nítòsí mọ́ṣáláṣí tiẹ̀ kúnlẹ̀. "Èmi ni màá kọ́kọ́ débẹ̀, Àǹtí, lágbára Ọlọ́run."

Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ kò mọ "lágbára Ọlọ́run" ni? Tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àgbà bá sọ ọ́, ọpẹ́ ló ń dú. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn.

Orí Rẹ̀míláyọ̀ gbóná. "Àǹtí mi, ta ló máa gba ọṣẹ lọ́wọ́ yín tán, tó máa wò yín lójú pé rárá? Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé! Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọn ò mọ̀ lọ bá wọn lọ́wọ́ òfo. Kó bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ wọn sí, àti pé ìgbà wo ni wọ́n ń ráyè."

"Ìwọ ọmọdé yìí! Kí wọ́n tó fẹ ọ̀nà márosẹ̀ yìí ni mo ti wà ní Ajah. Ìwọ lo fẹ́ fi Ajah hàn mí?"

"Ó dáa, mà. Ẹ má ṣáà tíì ti kíláàsì táìlì. Ẹ fi yàrá kan dán tuntun wò ná."

"Mo ní wọ́n ti sọ pé àwọn máa wá!"

Ẹ bá mi wo orí kunkun! Ó ní kí Ọ̀gá Ìdírísù máa lọ. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ parí, ó kọ̀. Ó ní ayé ti kọjá táìlì. Ní Ajah o, níbi tí ilé tuntun ti ń yọrí lójoojúmọ́! Ó wó gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, ó kó kọ̀ǹpútà síbẹ̀, ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ló fi kíláàsì sí. Àwọn oníṣẹ́ wà ní sáìtì, àwọn ọlọ́jà wà nídìí ọjà. Ta ló fẹ́ wá? Ẹnìkan ṣoṣo tó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fóònù ló fẹ́ ṣáàjì. Oṣù yẹn parí, àga ṣófo. Oṣù kejì, bákan náà.

Àǹtí Fèyíkẹ́ bá fìbínú lọ bá Ọlákẹ́mi nídìí ẹja.

"Ọlákẹ́mi! Ṣé bí o ṣe máa ṣe mí nìyí? Ṣebí o ní ìwọ lo máa kọ́kọ́ dé?"

"Àǹtí, ẹ má bínú." Ọlákẹ́mi nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ti gbé ọṣẹ lé mi lọ́wọ́. Ṣé kí n wá já yín kulẹ̀ lójú gbogbo ọjà ni?"

"Kí lo wá fẹ́ gan-an?"

"Táìlì ni, mà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ mú un wá lẹ́yìn Iléyá. Ìgbà tí mo dé, ẹ ti wó ibẹ̀. Mo bá mú un lọ bá Ọ̀gá Ìdírísù ní Badore, níbi tó ti ń kọ́ni ní táìlì báyìí. Àwọn ọmọ yín àtijọ́ wà níbẹ̀. Wọn ò ráyè jókòó mọ́, wọ́n pọ̀ jù."

Kò sẹ́ni tó bi Ọlákẹ́mi ní ohun tó fẹ́ kí Àǹtí Fèyíkẹ́ tó wó ilé-ẹ̀kọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Àǹtí fúnra rẹ̀ kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kó sìmẹ́ǹtì pamọ́ ló háyà ilé-ẹ̀kọ́ náà báyìí.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣọ́ra o! Tí ẹ bá fẹ́ dá ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀, ẹ wádìí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀bùn ra ìdáhùn tó ń wu ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ má wó ti àná torí pé wọ́n yìn yín lónìí. Tí àbúrò yín tó mọ iṣẹ́ bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ má sọ pé ọmọdé ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.