Bojun Gòkè Lọ Sílé Àwọn Suyin

Ìgbà kẹrin rèé tí Bojun máa sanwó kí wọ́n mú òun rìn láàárín oko ìrẹsì orí òkè Longji. Àwọn àlejò yòókù ń wá wo òkè. Suyin tó ń fọ̀nà hàn wọ́n ni Bojun ń wá wò. Ó ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Suyin rẹ́rìn-ín, tó ní kó máa wo ilẹ̀ kó má baà ṣubú.

Láàárọ̀ yìí, Suyin fúnra rẹ̀ ló pè é. “Tètè máa bọ̀. Ìyá mi fẹ́ kó o wá sílé wa lónìí.”

Bojun, tó ń tún fóònù ṣe ní ìlú Guilin, ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ oníbàárà lójú. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ra ọtí, ó wọ bọ́ọ̀sì. Tí ìyá Suyin bá lè gbà á sílé báyìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tí kò bá gbà á, ibi tó fi gbogbo owó rẹ̀ rìn sí kò jọ nǹkan kan.

Nígbà tó dé ẹsẹ̀ òkè, Suyin pọn apẹ̀rẹ̀ oparun rẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣíwájú. Omi ti kún oko, ìpele lórí ìpele, tó fi jẹ́ pé ojú ọ̀run wà lókè, ó tún wà nísàlẹ̀. Suyin ò dúró fi ìkankan hàn án.

“Suyin, ṣé wọ́n ń lé ọ ni?”

“Gbẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, jàre. O ń rìn bí ìyàwó tuntun.” Ó wo ẹ̀yìn. “Ṣé inú máa ń tètè bí ẹ?”

“Èmi? Oníbàárà kan ju fóònù ẹ̀ lù mí lórí rí. Mo bá a tún un ṣe.”

“Nígbà tó o wà lọ́mọdé, ṣé o máa ń sunkún lóru?”

Bojun dúró. “Irú ìbéèrè wo nìyẹn?”

“Ìyá mi ló ní kí n bi ẹ́.”

“Wọ́n ní mo máa ń sùn bí òkúta ni.”

“Oúnjẹ ńkọ́?”

“Kí ni mo kọ̀ rí?”

Suyin fa fóònù yọ, ó pe ilé. “Ó ń sùn, ó ń jẹun, kì í bínú. Guihua ńkọ́, ṣé ó ti rí nǹkan jẹ? Ẹnikẹ́ni ò tíì wọlé, àbí? Ẹ ti ilẹ̀kùn o!”

Guihua ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Bojun ò gbọ́ orúkọ yẹn rárá. Ìròyìn ara rẹ̀ ló ń dùn mọ́ ọn létí. Ìyá tó bá ń bèèrè bí ọkùnrin ṣe sunkún lọ́mọdé, ọmọ-ọmọ ló ń rò.

Níbi tí ọ̀nà ti pínyà, wọ́n pàdé Wei, ọkùnrin kan tó ti bá gbogbo abúlé jà tán, tó wá ń bá àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń dà jà.

“Suyin! Ilé yín ni mò ń lọ. Mo fẹ́ yá ọkọ́ bàbá ẹ.”

“Háà, bọ̀ọ̀dá Wei! Ẹ wà níbí, ẹfọ̀n yín sì wà nínú ìrẹsì àwọn Hou!”

Wei ṣépè fún ẹfọ̀n, ó ṣépè fún àwọn Hou, ó fi èyí tó kù lé Suyin tó mú ìròyìn wá lórí, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e.

“Ṣé ẹfọ̀n ẹ̀ já lóòótọ́?”

“Já kẹ̀? Orí ìso ló wà, ó ń jẹ koríko ẹ̀ jẹ́jẹ́.”

“Kí ló wá dé?”

“Kò gbọdọ̀ ṣáájú ẹ wọ ilé wa lónìí. Irú ẹ̀!”

Bojun wo ẹ̀yìn Wei bí ó ti ń sáré lọ. Irú eléyìí náà ń wá ìyàwó! Ó na àyà, ó gbójú sókè, ó gbẹ́sẹ̀ bí ọlọ́jà. Ẹsẹ̀ yọ̀, ó di gbàmù nínú oko. Ẹrẹ̀ mù ún dé ìbàdí.

Suyin ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀ fínnífínní. Bojun nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìrẹsì ọdún yìí á dùn o! Èmi ni iyọ̀ ẹ̀!”

Suyin mí kanlẹ̀. “Ó dáa. O yege.”

Ìyá Suyin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé onípákó wọn. Ó rí i lókèèrè, ó pariwo: “Ẹsẹ̀ ọ̀tún! Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ wọlé!” Bojun gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé tòun ti ẹrẹ̀, ilé bá hó yèè. Òórùn adìyẹ tí wọ́n fi ọtí àti ata ilẹ̀ sè gba gbogbo ilé. Wọ́n bu omi tútù fún un, ó mu ún. Wọ́n gbé ẹyin inú ọtí dídùn fún un, ó gbé e mì. Kò sẹ́ni tó wo ẹrẹ̀ ara rẹ̀.

“Láti òní lọ,” ìyá Suyin wí, “o ti di ọmọ ilé yìí. Kò sẹ́ni tó lè lé ẹ jáde mọ́.”

Bojun kúnlẹ̀ gbì. “Ìyá mi!”

“Ọmọ mi!”

Suyin kọ ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bojun mọ̀ pé ẹkún ayọ̀ ni.

Ìyá wọ inú yàrá lọ, ó gbé aṣọ kan tí wọ́n ká jọ jáde, ó gbé e lé Bojun lọ́wọ́. Aṣọ náà yán.

“Guihua bí i ní kùtù òní,” ó ní. “Ará ìta tó bá kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn ìbímọ, òun ni ọmọ máa fìwà jọ. Òun náà ló ń di baba kejì fún ọmọ náà, tó sì ń di ẹ̀gbọ́n fún gbogbo ọmọbìnrin ilé, bí ẹni pé ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu dàgbà.”

Suyin kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife ọtí fún un, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa jẹun dáadáa o, torí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló ń pọ̀n ọ́n jáde nílé wa; lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ ilé ọkọ, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n mí.”