Ohùn Ọkọ̀ Oníná

Rāwiri, ọkọ mi, ti yẹ bátìrì ọkọ̀ oníná náà wò. Ó ṣì lágbára.

Ó yẹ táyà wò. Ó yẹ wáyà tí a ó máa fi gba iná sínú rẹ̀ wò.

Ó ku ohun kan ṣoṣo, n kò sì ní jẹ́ kí a ra ọkọ̀ náà láìmọ̀ ọ́n.

"Bàbá Graeme, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà á sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Bàbá tó ń tà á bú sẹ́rìn-ín.

"Ohùn kẹ̀? Gbogbo ìlú Whanganui ń ra oníná torí pé kì í pariwo, ìwọ ń wá ariwo! Ṣé kí n bá ẹ wá tírélà ni?"

Rāwiri kò rẹ́rìn-ín.

Mo dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà, mo sì di ojú mi.

N kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí mo lajú, ọkọ̀ náà ti dé iwájú orúnkún mi.

"Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń pa ohùn tí ọkọ̀ fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó wà nítòsí," ni mo wí. "Èdè Japan ni wọ́n kọ sí i lára."

Bàbá Graeme wá a kàn, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Báwo lo ṣe mọ̀, ọmọ mi?"

Rāwiri ló dá a lóhùn.

"Irú ẹ̀ la ní tẹ́lẹ̀, bàbá. Ìdájí ni mo máa ń lọ síbi iṣẹ́. Mo pa ohùn ẹ̀, kí Hinewai, ọmọ wa, má baà jí."

Ó jí lọ́jọ́ kan.

Ó sáré jáde láti juwọ́ sí bàbá rẹ̀, ó sì dúró síbi tí mo dúró sí yìí gan-an.